Delmar Stidham àti Ọkọ̀ Ojú Omi Nílé Epo

Kí ilé ìtajà Tolliver tó gbé ẹ̀rọ epo sí iwájú ilé wọn, ẹ ò lè rí èèyàn jẹ́jẹ́ tó Delmar Stidham ní gbogbo Lick Branch. Ọkọ̀ ilé ìwé ló ń wà títí ó fi fẹ̀yìn tì, nínú gbogbo ọdún yẹn kò fọn fèrè mọ́ ẹnikẹ́ni rí. Bí ẹ bá kí i, á fi ìka kan etí fìlà rẹ̀, ó parí nìyẹn. Oneida ìyàwó rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ fún àwọn méjèèjì. Òdìkejì ọ̀nà ni mo ń gbé, kò sì sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé wọn tí mi ò ní gbọ́, nítorí Oneida kì í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Póìntì ló ba Delmar jẹ́. Bí o bá ra ọjà ní Tolliver, wọ́n á fún ọ ní póìntì, póìntì yẹn ló sì ń dín owó epo bẹntiróòlù kù fún ọ. Ẹni tó bá ra ọjà dáadáa láàárín oṣù, epo á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀fẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo lè lo ẹ̀dínwó náà. Bí o bá ti yọ ọwọ́ ẹ̀rọ tí epo ń gbà jáde kúrò níbi tí wọ́n fi kọ́, ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí o bá ti fi kọ́ padà, ó ti tán. Láàárín ìgbà tó o yọ ọ́ sí ìgbà tó o fi kọ́ ọ, jálá márùndínlógójì ni wọ́n gbà kó o fà. Tánkì píkọ́ọ̀pù Delmar kò sì gbà tó ìdajì ìyẹn.

“Ìyókù ńkọ́?” ló bi Oneida lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ń ti ibẹ̀ bọ̀.

“Ìyókù kí ni?”

“Jálá tí mi ò fà.”

“Delmar, epo tó ò fà kì í ṣe tìẹ.”

“Tèmi ni. Wọ́n ti fún mi. Èmi ni mo fi sílẹ̀ fún wọn.”

Oneida ní gbogbo òru ọjọ́ yẹn ló fi ń mí kanlẹ̀ lórí ibùsùn bí ẹni tó gbàgbé ọmọ sọ́jà.

Nígbà tí oṣù mìíràn yí po, Delmar gbé kẹ́ẹ̀gì pupa méjì sẹ́yìn ọkọ̀. Nígbà tó tún yí po, kẹ́ẹ̀gì ti di mẹ́fà. Kí póìntì lè máa wọlé, ó ń ra ohunkóhun tí Tolliver bá lẹ póìntì ìlọ́po méjì mọ́. Oneida tó jẹ́ pé ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo ló mọ̀ ọ́n sè jù láyé bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ oríṣiríṣi oúnjẹ inú páálí tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kan, oúnjẹ ológbò ni wọ́n fi póìntì sí. Delmar ra àpò ràbàtà mẹ́rin. Wọn ò ní ológbò. Ó kó o sí ẹ̀yìn ilé, ẹnu àpò kan ya, kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo ológbò tí kò nílé láfonífojì yẹn ti wá fi ìdí kalẹ̀ sábẹ́ fàráńdà wọn. Oneida tó ní òun ò fẹ́ rí wọn ti fún gbogbo wọn lórúkọ kó tó di ọjọ́ Àìkú.

Garnett Combs ló kọ́kọ́ dá sí i. Garnett ni olórí àwọn panápaná ìlú wa, òun àti Delmar sì jọ dàgbà. Ó wá mu kọfí níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ṣílẹ̀kùn ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, ó rí kẹ́ẹ̀gì, ó tún ti ilẹ̀kùn náà pa jẹ́jẹ́.

“Delmar, epo yẹn ti pọ̀ jù nínú ilé. Òfin ò gbà á.”

“Mo dé gbogbo ẹ̀ dáadáa.”

“Tó bá gbiná ńkọ́, ta ni wọ́n máa pè?”

“Ìwọ ni.”

“Èmi ni! Èmi tí orúnkún ń dùn! Ṣé o fẹ́ kí n máa fi orúnkún yìí sáré wá pa iná ẹ ni? Kẹ́ẹ̀gì méjì, Delmar. Mi ò fẹ́ rí ju ìyẹn lọ.”

Delmar kì í rú òfin. Ó pín epo tó kù fún àdúgbò. Èmi gan-an gba kẹ́ẹ̀gì kan fún ẹ̀rọ tí mo fi ń gé koríko. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń pín in kiri, ó ń ronú. Ó wá yé e pé inú kẹ́ẹ̀gì ni Garnett sọ pé òun ò fẹ́ rí epo. Kò sọ̀rọ̀ tánkì. Ẹ̀rọ tó sì ní tánkì pọ̀ nílé Delmar: ẹ̀rọ agékoríko tí wọ́n ń jókòó lé, ẹ̀rọ atúlẹ̀, jẹnẹrétọ̀, àti ọkọ̀ ojú omi kan tí kò tíì kan omi láti ọdún tí ọmọbìnrin wọn ti ṣègbéyàwó. Abẹ́ tapólì lọkọ̀ náà wà, ewé ti bo gbogbo ara rẹ̀, àmọ́ Delmar tú tapólì, ó wo inú tánkì rẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Tánkì ńlá ni.

Ọjọ́ Àìkú ni oṣù yẹn parí, póìntì tí kò bá sì lò kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti jóná nìyẹn. Ọjọ́ yẹn kan náà ni ìjọ wọn ń gbàlejò gbogbo ọmọ ìjọ tó ti kó lọ sí ìdálẹ̀, wọ́n ń tẹ́ tábìlì gígùn sábẹ́ igi lẹ́yìn ìsìn, olúkúlùkù ń gbé oúnjẹ wá. Pọ́díìnì ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìpanu dídùn tútù tí Oneida máa ń ṣe, ni gbogbo wọn ń retí. Wọ́n lọ sí ìsìn láàárọ̀, wọ́n padà wálé wá gbé pọ́díìnì náà. Bí Oneida ṣe gbé abọ́ jáde, ó rí i pé ọkọ̀ ojú omi ti wà nídìí píkọ́ọ̀pù. Ẹ̀rọ agékoríko, atúlẹ̀ àti jẹnẹrétọ̀ kún ẹ̀yìn ọkọ̀ bámú.

“Delmar, kí ló ń ṣe ọ́?”

“A kàn máa yà ní Tolliver ni. Ojú ọ̀nà náà ló wà.”

“Pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi? Pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lọ́rùn mi yìí?”

“O ò ní sọ̀ kalẹ̀.”

Mo ti wà nílé epo nígbà tí wọ́n dé, èmi ni mo wà lẹ́yìn wọn lórí ìlà, torí náà ojú mi ló ṣe. Delmar pa ẹ́ńjìnnì, ó tẹ nọ́ńbà rẹ̀, ó yọ ọwọ́ ẹ̀rọ. Ó rọra gbé kẹ́ẹ̀gì méjèèjì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kó tó rọ epo sí wọn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ẹ̀rọ. Ó gun ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, ó rọ ti agékoríko, ó rọ ti atúlẹ̀, ó rọ ti jẹnẹrétọ̀. Nígbà gbogbo yìí kò jẹ́ kí ọwọ́ ẹ̀rọ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀; bó bá fẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì di nǹkan mú, abíyá ló ń há a sí. Ìlà ti gùn dé ojú títì.

Ohùn Shawna, ọmọbìnrin tó ń gba owó nínú yàrá kékeré onígíláàsì, jáde látinú ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

“Ẹ kú ọ̀sán o, Mísítà Delmar. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọkọ̀ ojú omi nìyẹn?”

Delmar wo òkè bí ẹni pé ọ̀run ni wọ́n ti pè é. “Òun ni.”

“Ṣé ẹ ń lọ pẹja ni?”

“Rárá o.”

“Ó dáa. Mo kàn ní kí n béèrè ni.”

Ibi ọkọ̀ ojú omi yìí ni wàhálà ti dé. Rọ́bà ẹ̀rọ kò gùn tó tánkì rẹ̀. Delmar fà á títí, ó na ara rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ kan dúró, ó ṣì kù bí gígùn apá kan. Kò lè fi ọwọ́ ẹ̀rọ kọ́ padà kó tó sún ọkọ̀, ẹ̀dínwó máa lọ. Ó gun inú ọkọ̀ ojú omi, ó nàró síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ẹ̀rọ nínú ọwọ́ rẹ̀.

“Oneida! Bọ́ sídìí ọkọ̀, sún un síwájú díẹ̀!”

“O ní mi ò ní sọ̀ kalẹ̀!”

“O ò ní sọ̀ kalẹ̀. Kàn sún sí ẹ̀gbẹ́ kejì.”

“Pọ́díìnì ńkọ́?”

Mo ti sọ̀ kalẹ̀ wá wòran, bí Oneida ṣe rí mi nìyẹn. Ó gba ojú fèrèsé na abọ́ sí mi. “Lorene, bá mi gbé e. Má yẹ̀ ẹ́ wò, má tọ́ ọ wò.”

Ó fẹ́ yí kọ́kọ́rọ́, ni ohùn Shawna bá tún ké: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tan ẹ́ńjìnnì! Ọwọ́ ẹ̀rọ wà níta!”

Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó wà nínú ọkọ̀ kẹta sọ̀ kalẹ̀, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀.

“Bàbá, bí a bá tì í fún yín, ṣé a máa lè lọ sílé lónìí?”

“Ẹ máa lọ sílé,” ni Delmar dáhùn látòkè.

Èèyàn bíi mẹ́fà sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n fi èjìká ti ìdí ọkọ̀ ojú omi, wọ́n tì, wọ́n tì, ojú wọn pọ́n. Kò mira.

“Oneida, ṣé o ti tú bíréékì?”

“Èwo ni bíréékì?”

“Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹ!”

“Ẹsẹ̀ wo?”

Ó fa nǹkan kan, omi ta sára gíláàsì, ọ̀pá tó ń nu òjò kúrò lójú gíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síwá sẹ́yìn. Ó fa òmíràn. Ọkọ̀ náà lọ lójijì, àwọn tó ń tì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú bolẹ̀. “Dúró! Dúró!” ni Delmar ń pariwo, rọ́bà ẹ̀rọ ti le gbọnrangandan. Oneida tẹ bíréékì ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ gìrì. A ò rí Delmar mọ́. Ó ti ṣubú sínú ọkọ̀ ojú omi, apá rẹ̀ kan ṣoṣo la rí, ó nà án sókè tàntàn, ọwọ́ ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀, kò kan nǹkan kan.

“Ṣé o ti kú ni?” ni Oneida bi í láì bojú wẹ̀yìn.

“Mi ò fi kọ́!” ni Delmar dáhùn.

Ẹ̀rín pa wá débi pé mo ní láti gbé pọ́díìnì náà lé orí ọkọ̀ mi. Bí Delmar ṣe ki ọwọ́ ẹ̀rọ bọ tánkì ọkọ̀ ojú omi, àwọn tó tì í ò padà sínú ọkọ̀ wọn mọ́. Wọ́n yí ẹ̀rọ ká, wọ́n ń ka nọ́ńbà sókè bí ẹni ń wo eré bọ́ọ̀lù. Ẹ̀rọ náà dé márùndínlógójì, ó dún kẹ́, ó dúró. Ariwo sọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n fọn fèrè ọkọ̀, Shawna gan-an hó yè látinú gbohùngbohùn. Delmar dìde nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ṣí fìlà, ó tẹrí ba fún wa lápá ọ̀tún, ó tẹrí ba lápá òsì. Mi ò rí ẹ̀rín tó tóbi tó yẹn lẹ́nu ọkùnrin náà rí. Mo gbé pọ́díìnì padà fún Oneida, wọ́n sì lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu Oneida àti Garnett ni mo ti gbọ́ ọ, Delmar kò sì jiyàn.

Wọ́n dé ìdajì òkè tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Píkọ́ọ̀pù náà wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Ó kú.

Delmar tẹjú mọ́ àmì ìwọ̀n epo tó wà níwájú rẹ̀. Oneida náà tẹjú mọ́ ọn.

“Delmar.”

“Mo gbọ́.”

“O rọ epo sí agékoríko.”

“Mo rọ ọ́.”

“O rọ sí jẹnẹrétọ̀, o rọ sínú ọkọ̀ tí ò ní omi.”

“Oneida, jọ̀ọ́.”

“O ò rọ sínú ọkọ̀ tá a wà nínú ẹ̀!”

Delmar sọ̀ kalẹ̀ kí Oneida tó tún sọ̀rọ̀. Kẹ́ẹ̀gì méjì tó kún ṣáà wà lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì tuntun ni, Tolliver ló tà á fún un tòun ti póìntì, irú àwọn kẹ́ẹ̀gì ìsinsìnyí tí wọ́n ṣe ẹnu wọn kí epo má bàa dànù. O máa tẹ̀ ẹ́, o máa yí i, o máa tì í sẹ́yìn, lẹ́ẹ̀kan náà. Delmar tẹ̀ ẹ́. Ó yí i. Ó fi orúnkún dè é. Ó fi eyín sí i. Epo kan ò jáde. Fóònù kì í mú ní kọ̀rọ̀ òkè yẹn, kò sì sí ọkọ̀ tó ń kọjá, gbogbo ayé ti wà nídìí tábìlì.

Oneida wo abọ́ tó wà lórí itan rẹ̀. Pọ́díìnì náà ti ń yọ́.

“Gbé agékoríko yẹn sọ̀ kalẹ̀,” ló wí.

“Kí o fi ṣe kí ni?”

“Mo ní kó o gbé e sọ̀ kalẹ̀.”

Delmar gbé pákó méjì tó fi yí i gun ọkọ̀ sí ìdí ọkọ̀ náà, ó yí ẹ̀rọ náà wá sílẹ̀. Oneida ká ẹ̀wù ṣọ́ọ̀ṣì sókè, ó jókòó, ó fi àkéte rẹ̀ dé orí dáadáa, ó gbé pọ́díìnì sórí itan, ó sì ṣáná sí ẹ̀rọ náà. Àwọn tó wà lábẹ́ igi ní àwọn kọ́kọ́ gbọ́ ariwo, àwọn rò pé ẹnì kan ló ń gé koríko lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n sì ti ń bínú sí onítọ̀hún. Ni àkéte Oneida bá yọ lókè. Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín, ó ń fi ọwọ́ kan darí ẹ̀rọ, ó ń fi ọwọ́ kejì di abọ́ mú. Pásítọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà oúnjẹ. Ó la ojú kan, ó rí i, ó sì ní “Àmín” síbi tí kò tíì yẹ kó ní in.

“Ọkọ ẹ dà?” ni wọ́n bi í.

“Ó wà nínú ọkọ̀ ojú omi,” ni Oneida dáhùn, ó sì gbé pọ́díìnì sórí tábìlì.

Òótọ́ ló sọ. Nígbà tí Garnett wa ọkọ̀ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti wá a, ó bá Delmar níjókòó nínú ọkọ̀ ojú omi lẹ́bàá títì, ó kó kẹ́ẹ̀gì kan mọ́ àyà, ó ń wo ẹnu rẹ̀.

“Ṣé ẹja ń jẹ ìwọ̀?” ni Garnett bi í.

“Garnett, bó o bá wá ṣe yẹ̀yẹ́, máa lọ.”

“Mi ò wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹja wo lo ti pa?”

Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó gba kẹ́ẹ̀gì náà, ó ní òun tí òun jẹ́ olórí panápaná, irú nǹkan báyìí ò lè ṣòro fún òun. Ó tẹ̀ ẹ́, ó yí i. Òógùn bò ó. Àwọn àgbà méjì wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú ọkọ̀ tí kò ní omi, kẹ́ẹ̀gì wà láàárín wọn, wọ́n ń bú ẹni tó ṣe é.

“Jẹ́ n lọ bá ẹ ra díẹ̀ wá nílé epo tó wà ní ìkóríta,” ni Garnett wí níkẹyìn.

“Nílé epo ìkóríta? Níye tí wọ́n ń tà á yẹn? Láìsí ẹ̀dínwó?” Delmar fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde. “Ó sàn kí n sùn síbí.”

Garnett wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló yọ ọ̀bẹ lápò, tó fi gé ẹnu kẹ́ẹ̀gì náà dànù pátápátá. Ó gé ìdí ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó fi ṣe àrọ, wọ́n da epo sínú píkọ́ọ̀pù. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ibi tábìlì, abọ́ pọ́díìnì ti ṣófo, wọ́n ti fi ṣíbí ha ìdí rẹ̀ mọ́ tónítóní. Delmar jẹ ẹ̀wà tútù.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìwé kan wà lára ẹ̀rọ epo Tolliver: Ẹ JỌ̀WỌ́, ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ GBÉ ỌKỌ̀ OJÚ OMI WÁ SÍBÍ. Delmar ka ìwé náà, ó ní kí Shawna wá fi fóònù ya fọ́tò òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Shawna yà á.

Oneida ní tiẹ̀ kò jẹ́ kọ́rọ̀ náà tán síbẹ̀. Epo bẹntiróòlù kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́ nínú tánkì ọkọ̀ ojú omi, Garnett ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ó ti wé gèlè mọ́ irun nítorí afẹ́fẹ́.

“A ń lọ sí adágún odò,” ló wí.

“Ta ló ń lọ?”

“Èmi àtìẹ. O jẹ́ kí gbogbo ìlú fi mí ṣẹ̀sín nítorí epo yẹn, mo sì fẹ́ rí i kó jó.”

Delmar bá a lọ. Nígbà tí wọ́n dé orí omi, ó mú àjẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tukọ̀. Oneida fi í sílẹ̀ títí wọ́n fi kúrò létí odò. Ó ní kí ló ń ṣe. Delmar ní òun kàn ń na ara díẹ̀ ni, ara òun nílò rẹ̀.

“Delmar Stidham, gbé àjẹ̀ yẹn sílẹ̀.”

Oneida fúnra rẹ̀ ló ṣáná sí ẹ́ńjìnnì. Kò wa ọkọ̀ ojú omi rí láyé rẹ̀, ó sì ń wà á bó ṣe wa agékoríko, kò wọ̀tún, kò wòsì, àárín gbùngbùn ló ń gbà. Orí ọkọ̀ ròkè. Fìlà Delmar fò lọ sínú omi. Ó yíjú padà, ó wo fìlà náà bó ṣe ń léfòó lọ, ó wo tánkì, ó sì wo ìyàwó rẹ̀ tó ń kọrin lókè ohùn, tí gèlè rẹ̀ ti tú.

“Yí po lẹ́ẹ̀kan sí i,” ni Delmar wí.

Wọ́n yí adágún yẹn po títí ọ̀sán fi lọ, wọn ò pa ẹja kankan, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ dákẹ́. Àjẹ̀ ni Delmar fi tù wọ́n padà sí èbúté. Nígbà tí wọ́n ń kọjá níwájú ilé mi nírọ̀lẹ́, ara àwọn méjèèjì ti pọ́n dẹ̀ẹ̀ nínú oòrùn, orí Delmar tí kò ní fìlà ló sì pọ́n jù. Ó rí mi lórí àga mi. Ó fọn fèrè ọkọ̀ sí mi, ó tún fọn ọ́n, ó sì kọjá lọ.